Orúkọ Yín, Kì í Ṣe Orúkọ Ẹ

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì mú báírò pupa yín jáde. Mo mọ̀ pé àmì ohùn máa fò níbì kan nínú lẹ́tà yìí, mo sì mọ̀ pé ẹ ó rí i, nítorí tíṣà Yorùbá kì í fẹ̀yìn tì. Ẹ kọ́kọ́ kà á tán lónìí. Ọ̀rọ̀ rédíò ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Rédíò Ọgbọọgba ṣì wà. Wọ́n ti dé Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta báyìí. Ohun tí wọ́n bá sọ ní Yábàá láàárọ̀, ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jọ máa gbọ́ ọ. Èmi fúnra mi ni mo bá yín wá wọn, ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, lórí rédíò yín ní Súrùlérè, èyí tí ẹ gbé sórí fírísà tó ti bàjẹ́, tí ẹ fi wáyà háńgà ṣe eríàlì fún. Mo ní rédíò àwọn tó lajú nìyí. Ọmọ ọ̀dọ̀ lè pè wọ́n, ìyàwó tí ọkọ ń lù lè pè wọ́n, ẹni tí kò gbà pé Ọlọ́run wà lè pè wọ́n. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní: kò sí "ẹ̀yin" lórí afẹ́fẹ́ wọn. Àgbà ni o, ọmọdé ni o, "ìwọ" ni gbogbo ayé. Ẹ yọ gíláàsì yín, ẹ nù ún, ẹ tún wọ̀ ọ́, nítorí ẹ kì í gbọ́ rédíò láì wọ gíláàsì, bí ẹni pé ojú lẹ fi ń gbọ́ ọ. Ẹ kàn ní àìfàgbà fẹ́nìkan ni kò jẹ́ káyé gún, ẹ sì ní kí n yí ohùn rẹ̀ sókè.

Kí n má parọ́, mo fẹ́ràn wọn. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń sọ ni mo ṣì gbà pé ó dára. Ọjọ́ tí ọmọ ọ̀dọ̀ kan láti Múṣín sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ẹ̀yin náà nu ojú, ẹ ní eruku ló wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n èrò mi nípa wọn lónìí nìyí: wọ́n ní kí gbogbo ẹnu sọ̀rọ̀, àmọ́ wọ́n ti yan ẹnu tí wọ́n fẹ́ gbọ́. Ẹni tó lajú náà a máa dójú ti ènìyàn bí onílé tó ń lé ayálégbé, ẹ̀rín ló kàn fi ń bò ó.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ni bóyá ó di dandan kí ọmọ tọ́jú òbí tó ti darúgbó. Bímpé tó ń darí ètò náà ti ní kò di dandan. A tan rédíò ní ọ́fíìsì wa ní Yábàá, a ń tẹ kọ̀ǹpútà lọ.

"Hẹ́lò, o ti wà lórí afẹ́fẹ́. Orúkọ ẹ?"

Mo gbọ́ tí ẹnì kan tún ọ̀fun ṣe. Mo mọ ọ̀fun yẹn kí ẹ tó sọ ohunkóhun.

"Orúkọ yín."

"Ah-ah, Bímpé ni mò ń jẹ́ o! Ìwọ ńkọ́?"

"Rárá o. Orúkọ yín ni wọ́n ń sọ. Ẹ tún un sọ."

"Dádì, abẹ́ẹ̀gì, kò sí 'yín' níbí! Kíláàsì ti parí!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín ní sitúdíò, wọ́n gé yín, wọ́n mú ẹlòmíì. Kúnlé tó jókòó tì mí ń fọwọ́ lu tábìlì. "Yéè! Ta ló ni bàbá yìí ná?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Tèmi ló pariwo jù, Bàbá, kí wọ́n má baà wo ojú mi.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo gbé búrẹ́dì wá fún yín. Ìwé ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì wà lórí fírísà, ẹ ti kọ nǹkan sí ẹ̀yìn rẹ̀ ní kókó kìíní, ìkejì, ìkẹta, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe máa ń ṣe kí ẹ tó pe rédíò. N kò kà á. Ẹ bi mí bóyá mo gbọ́ rédíò láàárọ̀. Mo ní rárá, iṣẹ́ pọ̀. Ẹ ní ó dáa, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé búrẹ́dì. Ṣé ẹ mọ̀ pé irọ́ ni? N kò tún bá rédíò yẹn ní títàn mọ́ títí ẹ fi lọ. Kì í ṣe rédíò ló pa yín, ẹ̀jẹ̀ ríru ni, dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Mo máa ń tún ohun tí dókítà sọ sọ fún ara mi.

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí a sin yín tí mo tan rédíò, tí ẹ sọ̀rọ̀. "Orúkọ yín. Orúkọ yín ni wọ́n ń sọ." Ẹ̀rín tẹ̀lé e, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n wá kọ orúkọ rédíò wọn lórin. Wọ́n ti sọ yín di ìpolówó. Wákàtí wákàtí ni wọ́n ń gbé yín jáde. Mo lọ gba àga tí mo ní kí wọ́n bá mi tún ṣe ní Pápá Àjàó, mo bá káfíńtà méjì tó ń fi yín ṣeré: ọ̀kan á ní orúkọ ẹ, èkejì á ní orúkọ yín, wọn á sì gbáwọ́. Àgbàlagbà ni àwọn méjèèjì. Wọn ò mọ̀ pé òkú ni àwọn ń fi ṣẹ̀sín.

Mo lọ bá wọn ní ilé iṣẹ́ wọn. Bímpé fúnra rẹ̀ ló jáde sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Káàbọ̀ o. Orúkọ ẹ?"

"Orúkọ yín."

N kò rò ó tẹ́lẹ̀, ó kàn já bọ́ lẹ́nu mi ni. Ó ti fẹ́ rẹ́rìn-ín kó tó wo ojú mi. Mo ní bàbá mi ni bàbá yẹn, ó ti kú, kí wọ́n yọ ohùn rẹ̀ kúrò. Ó wù mí kó jẹ́ ènìyàn burúkú, kí n lè bá a jà, ṣùgbọ́n kò bá mi jiyàn rárá. Ó mú mi lọ sídìí kọ̀ǹpútà, ó ṣí ohùn yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti gé yín, kò dúró. Ó ṣàlàyé pé ẹ̀rọ wọn kì í yé gba ohùn sílẹ̀ títí ẹni tó pè yóò fi gbé fóònù sílẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ ti gé e lórí afẹ́fẹ́. Ẹ ò mọ̀ pé wọ́n ti gé yín.

"Orúkọ tèmi kò ṣe pàtàkì. Ẹ ní kò di dandan kí ọmọ tọ́jú òbí. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí mo bí, kò sẹ́ni tó fipá mú un. Ó máa ń di ọwọ́ mi mú lọ sí ọsibítù lójú gbogbo ayé. Kì í tijú mi. Orúkọ rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́."

Ẹ wá pe orúkọ mi, ti ìdílé tẹ̀lé e, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí ẹ ń pe rẹ́jísítà. Ẹ dúró. Ẹ ní, "Hẹ́lò? Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Hẹ́lò?"

Bímpé nu ojú rẹ̀. "Ẹ má bínú," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín?"

Ó ti ń pè mí ní ẹ̀yin.

Mo ní kó pa á rẹ́. Ó bi mí bóyá gbogbo rẹ̀ ni. Mo ní gbogbo rẹ̀. N kò lè jókòó sínú yàrá kan náà pẹ̀lú "kì í tijú mi" yẹn. Ó tẹ nǹkan lẹ́ẹ̀mejì, ó parẹ́.

Fọ́tò yín pọ̀ lọ́wọ́ mi. Ohùn yín kò sí. Gbogbo ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, kíkọ lẹ kọ ọ́, pẹ̀lú àmì, nítorí ẹ ní ọ̀lẹ tí kò lè kọ Yorùbá ló ń fi ohùn ránṣẹ́. Mo ṣì ń tan rédíò wọn ní gbogbo wákàtí. Ẹlòmíì ló ń polówó fún wọn báyìí. Ta ni kí n bi bí ohùn yín ṣe rí?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Kúnlé ní àárò bàbá orúkọ-yín ń sọ òun. Ó tún béèrè, ó ń wo ojú mi, "Ta ló tiẹ̀ ni bàbá yẹn ná?" Mo la ẹnu. Mo ní n kò mọ̀, mo ní iṣẹ́ pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ẹ̀kọ́ Pétérù tó sẹ́ Olúwa rẹ̀ fún ìjọ ní Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, ẹ bá mi ka iye ìgbà tí ìyẹn jẹ́.

Èmi ni, ọmọ yín tí ẹ fẹ́ràn,
ẹni tí ẹ dárúkọ rẹ̀ nígbà tí kò sẹ́ni tó ń gbọ́.