Ẹsẹ̀ Iwájú Kò Ní Dúró De Iléyá

Bàbá Suhail,

Ẹ má wulẹ̀ wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó wà lọ́wọ́ mi. Ẹ wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ síbi iṣẹ́.

Mo ti gbé ọkọ̀ lọ bá Ṣàkírù mẹkáníìkì ní Òkè-Àdó. Ó fi jáàkì gbé e, ó di táyà iwájú mú, táyà sì ń mì bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ. Ó ní ẹsẹ̀ iwájú, irin tó di táyà mú, ti gbó; ọkọ̀ ṣì lè rìn nínú ìgboro, àmọ́ ká má gbé e dé ojú ọ̀nà Ìsẹ́yìn tí a fẹ́ gbà lọ ṣọdún láéláé. Ẹ̀yin ní àtúnṣe ọkọ̀ di ẹ̀yìn Iléyá. Mo ti ní kó pààrọ̀ ẹsẹ̀ náà lónìí.

Mọ́ínmọ́ín yín wà nínú kúlà.

Suhail ló pa rédíò ọkọ̀ láàárọ̀ yìí, kó lè ka kéú rẹ̀. Ìgbà yẹn la gbọ́ gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀ tí ẹ ti ń fi ariwo rédíò bò mọ́lẹ̀.

Àbẹ̀ḿbí