Ẹ Má Gba Èsì Ìdánwò Oògùn Ìfun Tí Èmi Náà Kọ

Ojúlé 214, Òpópónà Lugareño,
Camagüey, Cuba.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, Oṣù Karùn-ún, 2023.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Rí sí Ìlò Ẹranko fún Ìwádìí,
Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Oògùn San Telesforo,
Camagüey.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌBÉÈRÈ PÉ KÍ A TÚN ÌDÁNWÒ OÒGÙN ÌFUN WÍWÚ ṢE LÁTI ÌBẸ̀RẸ̀

1. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní ni mí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti kọ lẹ́tà yìí tí mo sì fà á ya, nítorí n kò mọ̀ bóyá irú mi lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀wé sí yín. Èyí ni n kò ya.

2. Ní oṣù tó kọjá, ogún eku funfun la fi dán abẹ́rẹ́ tuntun wò, èyí tí wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì alààyè ṣe kí ìfun tó wú lè rọlẹ̀. A po èròjà tí ń mú ìfun wú mọ́ omi mímu gbogbo wọn. Mẹ́wàá tó wà nínú kéèjì méjì gba oògùn, mẹ́wàá tó wà nínú kéèjì méjì mìíràn gba omi iyọ̀ lásán. Iṣẹ́ tèmi ni láti wo ẹ̀jẹ̀ inú ìgbẹ́ wọn láràárọ̀, kí n sì fún wọn ní máàkì: bí àìsàn bá ṣe le tó ni máàkì ń pọ̀ tó. Òfin yín sọ pé ẹni tó ń fún wọn ní máàkì kò gbọdọ̀ mọ èyí tó gba oògùn.

3. Èmi mọ àwọn tó gbà á. Lọ́jọ́ kẹta, iná lọ, yàrá náà gbóná bí inú ààrò. Bàbá Eulogio, tó ti ń tọ́jú eku níbẹ̀ láti ọdún mọ́kànlélógún, gbé kéèjì méjì sí ojú fèrèsé, ó fi méjì yòókù sílẹ̀ nínú ooru. Nígbà tí a ń mu kọfí, mo bi í léèrè ìdí. Ó ní, "Ọmọ mi, àwọn ọmọ ọba nìyẹn! Àwọn ni gbogbo ìlú ń dúró dè. Àwọn olómi iyọ̀, kí ni wọ́n fẹ́ fi atẹ́gùn ṣe?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Iná tún lọ lọ́jọ́ mẹ́fà sí i, bẹ́ẹ̀ ló sì ń gbé wọn. Kò ní ibi lọ́kàn. Ó kàn fẹ́ kí oògùn náà ṣiṣẹ́ ni.

4. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀jẹ̀ tí mo bá rí lára "ọmọ ọba", máàkì kan ni mo ń kọ. Irú rẹ̀ gan-an lára àwọn yòókù, méjì ni. N kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ìgbà tí mo to àwọn káàdì tí a fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni mo rí i: àwọ̀ kan náà, máàkì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwòrán wọn wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

5. Mo sọ ọ́ fún Dókítà Graciela Ponvert, olórí ìwádìí náà. Ó ní, "Ìwọ tí o ò tíì mọ̀nà ilé ìtọ̀ níbí, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́?" Lọ́jọ́ kejì, wọ́n yọ orúkọ mi kúrò lára àwọn tó lè wọ yàrá eku. Wọn kò yọ máàkì mi kúrò nínú èsì.

6. Ẹ lè béèrè pé kí ló kàn mí. Ìyá mi, Omaida, ti ń bá àrùn ìfun yìí jà láti ọdún mẹ́sàn-án. Òun ni ìkẹrin lára àwọn tí wọn yóò kọ́kọ́ fún lábẹ́rẹ́ bí ẹ bá fọwọ́ sí èsì yìí. Bí ẹ bá gbọ́ tèmi, yóò dúró di ọdún tó ń bọ̀. Mo sọ fún un kí n tó kọ ọ́. Ó ní, "Yusi, ṣé ojú fèrèsé ni wọ́n máa gbé èmi náà sí?"

7. Mo bẹ̀ yín, mo sì dúró lórí rẹ̀: ẹ má fọwọ́ sí èsì náà. Ẹ jẹ́ kí a tún un ṣe, kí atẹ́gùn kan náà máa fẹ́ sí gbogbo kéèjì, kí ẹni tí kò mọ nǹkan kan sì máa fún wọn ní máàkì. Kí ẹni náà má ṣe jẹ́ èmi. Bí ìyà bá wà fún ohun tí mo kọ, mo ṣe tán láti jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n n kò ní pe máàkì yẹn ní òtítọ́. Ìyá mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ àpòòwé lẹ́tà yìí.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dópin.

Èmi ni tiyín,
Yusleidis Cabreja Moya,
Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní.