Àmì Pupa Lára Ìwé Ìbí

Mojọlá ọmọ mi,

Tí bàbá bá gbé ìwé tí orúkọ ọmọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ pamọ́, ṣé olè ni? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n fojú ba oorun. Àmọ́ kí n kọ́kọ́ kí ọ ná. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Lomé? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ti fúyẹ́? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọ̀nà dí mọ́ ọ. Ewúrẹ́ rẹ bí méjì. Ìyá rẹ kí ọ, ó ní kí n sọ fún ọ pé ọwọ́ òun kò sí nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

O mọ̀ pé èmi ni mo ń gbálẹ̀ yàrá ìwé ní ọ́fíìsì kọmúùnù, ìjọba ìbílẹ̀ wa. Lóṣù tó kọjá, wọ́n ní ìwé ti pọ̀ jù, ikán sì ń jẹ wọ́n, kí Hilaire, akọ̀wé tó ń tọ́jú wọn, ya èyí tí wọn yóò sun sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí wọn yóò pa mọ́. Sabine, ọmọbìnrin tó ń tẹ kọ̀ǹpútà, ń ya àwòrán wọn sínú nǹkan kan tí kò ju èkùrọ́ lọ. Ó ní gbogbo ẹni tí wọ́n bí ní abúlé mẹ́sàn-án ti wọ inú rẹ̀. Mo ti gbé e wò lọ́wọ́ kí wọ́n tó wọlé, mo tún gbé e wò lẹ́yìn náà, kò fi bí irun ojú kan wúwo sí i. Mo ti ka ìwé púpọ̀ láyé mi, n kò tíì kà á níbì kan pé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn wọ ilé kan tí ilẹ̀ ilé náà kò mì. N kò gbà.

Lọ́jọ́bọ̀ ni mo rí i tí Hilaire lẹ pépà pupa mọ́ ẹ̀yìn ìwé ìbí ọdún tí a bí ọ. Ìwọ náà rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Glei nígbà tí wọ́n fẹ́ fẹ títì. Gbogbo ilé tí wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí létí títì, ṣé ọ̀kan ṣẹ́kù nígbà tí katakata tó ń wó ilé kọjá? Ilé ìyá àgbà rẹ wà lára wọn. Inú ìwé yẹn ni ẹ̀gbọ́n rẹ Ìbíọlá náà wà, tí a bí lóṣù kìíní tí ìwọ tẹ̀lé e lóṣù kejìlá, ẹni tó lo ọjọ́ mọ́kànlá láyé. A kò ya fọ́tò rẹ̀. Kò sí ibòmíràn tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ó wá. Ni mo bá fi àkísà wé ìwé náà, mo gbé e wálé, mo so ó sórí ààrò láàárín irúgbìn àgbàdo, níbi tí èéfín kì í jẹ́ kí kòkòrò dé. Ìyá rẹ bi mí bóyá màá gbìn ín tí òjò bá rọ̀.

Àná ni Sabine wá, ojú rẹ̀ ti wú. Ó ní alábẹ̀wò ìjọba ń bọ̀ ní aago mẹ́jọ òní pẹ̀lú ọlọ́pàá jẹ́ndáàmù méjì, nítorí ìwé kan ti sọnù, wọ́n sì ń sọ pé Hilaire ló tà á fún àwọn tó ń dín ọjọ́ orí wọn kù. Mo bi í pé kí ló kàn wọ́n nínú ìwé tí wọ́n fẹ́ sun. Ó ní rísíìtì ọjà àtijọ́ ni wọ́n fẹ́ sun, kò sì sí àmì kankan lára wọn. Ó ní àmì pupa ni ti èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sun láéláé, pé bí iná bá sọ lọ́fíìsì, òun ni kí a kọ́kọ́ gbé sá jáde. Abẹ́ ìwé náà gan-an ló jókòó sí. Mo fún un lómi, ó mu, ó lọ.

Hilaire yìí ló fi ọjọ́ méjì wá orúkọ rẹ jáde nígbà tí o fẹ́ ṣe ìdánwò. Ìyá rẹ ní kí n ju ìwé náà gba ojú fèrèsé ọ́fíìsì wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣí i yóò gbóòórùn ilé ìdáná, wọn yóò sì ní ilé ìdáná Hilaire ni. Mo ti tú u wò. Ó ti pọ́n bí ẹja yíyan, ṣùgbọ́n Ìbíọlá wà níbẹ̀, ìwọ náà wà níbẹ̀.

Èmi fúnra mi ni màá gbé e lé Hilaire lọ́wọ́ níwájú wọn. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ mi, fi owó iyọ̀ àti kẹrosínì ránṣẹ́ sí ìyá rẹ. Philippe onítakisí tó mú lẹ́tà yìí wá ni kí o fi rán, má fi gba inú fóònù, n kò tíì gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí kò wúwo. Kí orúkọ rẹ pẹ́ nílẹ̀ ju ìwé lọ.

Ilẹ̀ ti mọ́. Mo ti sọ̀ ìwé náà kalẹ̀ láti orí ààrò, ó wà lábẹ́ apá mi. Mo ti pa àtùpà.

Bàbá rẹ,
Ògúnyínká