Àyè Tí Irin Ẹ̀rọ Ń Gbà

Atakpamé, Ọjọ́bọ̀ 17 oṣù kọkànlá 1983

Ó ti pẹ́ tó yẹ kí n jẹ́wọ́ èyí: láti ọjọ́ tí mo ti ra ẹ̀rọ ìgbẹ́gi oníná, kò sí ihò kan tí mo fi gbẹ́ tó bá igi tí mo fẹ́ kì bọ̀ ọ́ mu. Lẹ́búlẹ́bú pákó àti gọ́ọ̀mù ni mo fi ń dí àlàfo. Èmi tí mo lọ kọ́lẹ́ẹ̀jì!

Lónìí, àgbélébùú tí mo kì bọ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ìlú Glei ń mì nínú ihò rẹ̀ bí eyín ọmọdé. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń bọ̀ wá gbé e. Mo ti ń po gọ́ọ̀mù nígbà tí ìyàwó mi dìde nídìí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀.

"Baba Kòsí, ṣé ilẹ̀kùn lẹ̀ ń ṣe ni, àbí ẹ̀kọ lẹ̀ ń rò?"

Mo fi bí mo ṣe ń ti irin ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ igi lórí ìlà tí mo fà yí àgbélébùú ká hàn án. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Irin tó sanra báyìí lẹ gbé gun orí ìlà! Inú ìlà ni kó máa rìn. Tí mo bá ń gé aṣọ, mo máa ń fi àyè abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ẹ fi àyè irin sílẹ̀!"

Mo dán an wò lára àgékù pákó. Igi náà wọlé pinpin, òòlù la fi gbá a jáde.

Irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó ló kù tí mi ò tíì mọ àyè tó ń gbà. Bó bá ṣe jinlẹ̀ tó ni ojú ihò rẹ̀ ń fẹ̀ tó, nítorí náà àyè tirẹ̀...

"Ọ̀gá káfíńtà ló fẹ́ mi o!" ni ìyàwó mi ń pariwo kiri ilé. Ẹ̀rín pa èmi náà.

Lọ́la, mo máa gé àgbélébùú mìíràn tó sanra tó ihò ilẹ̀kùn yẹn, láìfi gọ́ọ̀mù dí nǹkan kan, kí Ìyá Kòsí wá fi èékánná wá àlàfo.