Òkè Tó Ń Wọ́ Bọ̀ Lẹ́yìn Ilé

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Ẹ̀kọ́ òní dá lórí ilẹ̀ tó ń ṣí nípò. Olùkọ́ wa — èmi ni mo sọ wọ́n ní Baba Òkúta, kò sẹ́ni tó mọ̀ — sọ pé ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ òkè kì í sùn. Òòfà ilẹ̀ ń fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìrìn ìgbín. Bí òjò bá wá mu ún yó, á wúwo, á máa yọ̀, á sì ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní ká máa wo igi: ìdí á tẹ̀, orí á ṣì máa wá òkè.

Kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n nílé, Ìyá Onílé, tí mo gba yàrá lọ́dọ̀ wọn, gbé omi gbígbóná sílẹ̀ dè mí. Mo dúpẹ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Káfíńtà tún wá fá ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn, níbi tí Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Ìyá Onílé, ń sùn. Ilẹ̀kùn náà ò fẹ́ pa dé mọ́. Káfíńtà ní, "Ṣé ilẹ̀kùn yìí ń sanra ni, mà?" Ìyá Onílé ní, "Ó ń sanra, ìwọ tó ń fá a ń rù. Lọ jẹun!" Mo fi ìrọ̀rí bo ẹnu, mo rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà mo yọjú lójú fèrèsé. Àwọn igi ẹ̀yìn ilé. Gbogbo wọn ló tẹ̀ nídìí bí ìgbọ̀nwọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Mo gun òkè náà. Ilẹ̀ ti là lókè. Ọwọ́ mi wọ inú rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́. Òjò ń ṣú.

Ta ni èmi, àlejò àná, tí màá sọ fún onílé pé ilé rẹ̀ ò dára? Mo gbìyànjú ọ̀rọ̀ náà wò níwájú dígí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Òjò. N ò sọ ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Mo sọ ọ́. Ìyá Onílé ń gé àlùbọ́sà, wọ́n ní kí n lọ pe Káfíńtà wá. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ má pè é mọ́, mà. Ilẹ̀kùn ò sanra. Òkè ló ń ti ògiri, ògiri ló ń fún ilẹ̀kùn." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Òkè tí mo bá láyé! Ìwé ti ń gun ọmọ yìí." Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ dìde. N ò dìde. Mo sọ ti igi, mo sọ ti ibi tó là, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Ìyá Àgbà kúrò níbẹ̀ ná.

Ẹ̀rín tán lẹ́nu wọn. Wọ́n nu ọwọ́, wọ́n lọ fọwọ́ ra ògiri ẹ̀yìn. Ó ti yọ ikùn sínú yàrá. Nígbà tí wọ́n padà, wọ́n ní, "Ìyá á máa sùn lọ́dọ̀ rẹ."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Ìyá Àgbà ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta. Wọ́n gba gbogbo bẹ́ẹ̀dì mọ́ mi lọ́wọ́. Wọ́n ní ẹsẹ̀ mi tutù bí ẹja. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, n ò tíì sùn dáadáa tó báyìí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Òkè ya lulẹ̀. Ọ̀sán gangan, gbogbo wa wà ní pálọ̀. Ariwo rẹ̀ ò dà bí àrá; ó dà bí ìgbà tí ọkọ̀ ń da òkúta sílẹ̀. Igi, ẹrẹ̀, òkúta — wọ́n kún yàrá ẹ̀yìn dé àjà. Kò sẹ́ni tó fara pa. Kò sẹ́ni! Ìyá Onílé dì mọ́ ìyá wọn. Ìyá Àgbà ní, "Ta ló máa bá mi wú bàtà mi jáde báyìí?" A rẹ́rìn-ín, a sunkún. Ọpẹ́ mi ò ṣeé kọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Ilé ọ̀hún ò ṣeé gbé mọ́. Ọ̀dọ̀ àbúrò Ìyá Onílé la há mọ́. Bí wọ́n bá rí ilé tuntun, ṣé wọ́n á mú mi dání? N ò lè béèrè. Ayálégbé lásán ni mí.

Lónìí wọ́n ní kí n sin àwọn lọ wo ilé kan. Ẹni tó ń fi ilé hàn wá ń polówó: atẹ́gùn ń bẹ, omi ń yọ, àná lẹ tiẹ̀ yẹ kẹ́ ẹ ti kó wọlé. Ìyá Onílé na ọwọ́ dá a dúró. "Sùúrù, ọ̀gá. Ọmọ mi ò tíì wo ẹ̀yìnkùlé."

Mo bojú wẹ̀yìn kí n rí ọmọ wọn tó dé. Kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn mi.