Omi Màtè Bàbá

Ìṣẹ́gun, 8 oṣù keje, 1980
Wọ́n ti sọ ọ́. Bàbá ní bí Olórí-Kunkun, ọkọ̀ ìje wa, ò bá parí eré ìje ìlú Guaporé, àwọn máa ti gáréèjì pa, Ẹgbẹ́ Pegoraro, ẹgbẹ́ ìdílé wa, tán nìyẹn. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n! Bàbá àgbà ló dá a sílẹ̀ ní 1951, ọkọ̀ ògbólógbòó kan, wọ́n gé òrùlé ẹ̀ kúrò níwájú ilé. Èmi ò gbà o.

Ọjọ́bọ̀, 10
Ọtí ìrèké ló fa gbogbo ẹ̀. Ìjọba ní kò sí bẹntiróòlù fún eré ìje mọ́, ọtí yìí ni ká máa rọ sọ́kọ̀. Ẹ́ńjìnnì ń sáré sí i lóòótọ́ — àmọ́ tí òtútù oṣù keje ibí bá mú, kò ní jí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti sáré fi wá sílẹ̀. Àwọn ará gáréèjì kejì ní ká jẹ́ kí ọtí dá lójú ọkọ̀ wa ná. Ẹ máa rẹ́rìn-ín.

Àbámẹ́ta, 12
Ìyẹ̀fun funfun nínú kábúrétọ̀. Ọtí ń jẹ irin. Mo fọ̀ ọ́.

Ìṣẹ́gun, 15
Mo tún fọ̀ ọ́. Ìka mi ti bó.

Ẹtì, 18
Ẹ̀gbọ́n mi Dorvalino — òun ló ń wà á — ní kí n fi Bàbá lọ́rùn sílẹ̀, ó ti rẹ̀ wọ́n. Mo ní ṣé ó ti rẹ ẹ̀yin náà ni?  Ó wá ní, "Zilá, orí ẹ le ju ti ọkọ̀ yìí lọ."

Àìkú, 20
Guaporé. Yìnyín bo koríko. Dorvalino yí kọ́kọ́rọ́ — kò dún pin. Ó tún yí i. Bátìrì ń kú lọ. Àwọn yòókù ti tò sórí ìlà.

Bàbá dúró tiwọn, igbá màtè, tíì ewé kíkorò wọn, lọ́wọ́, fúláàsì lábíyá, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láràárọ̀. Wọ́n da omi sí i, èéfín ń rú. Ó sọ sí mi lọ́kàn gbàù. Omi gbígbóná!

Mo ní kí wọ́n fún mi ní fúláàsì. Wọ́n ní, "Orí ẹ dàrú ni? Omi màtè mi?" Mo já a gbà. Kí Ọlọ́run foríjì mí. Mo rọra da gbogbo ẹ̀ sórí páìpù tí ọtí ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, mo pariwo pé kó yí kọ́kọ́rọ́.

Olórí-Kunkun wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Ó bú ramúramù! Mo sunkún bí ọmọdé.

Ipò kọkànlá. Àmọ́ ó parí.

Bàbá gbé fúláàsì òfìfo náà mọ́ra títí a fi délé.

Ajé, 21
Mo lọ wo bóyá wọ́n ti ti gáréèjì pa. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bàbá ń mu màtè wọn. Fúláàsì méjì lórí tábìlì, ọ̀kan tuntun. Wọ́n ti fi ọ̀dà kọ "TI ỌKỌ̀" sára ẹ̀.

Wọ́n ní, "O ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan tèmi mọ́."