Ọ̀rọ̀ Tí Ìyá Awò Kò Bá Màmá Sọ Tán

Sí Màmá àgbà, àti sí gbogbo ọmọ àti ọmọ-ọmọ,

Pẹ̀lú ọkàn tí ìbànújẹ́ ti sọ di wíwúwo ni gbogbo àwa òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn yìí fi kọ̀wé sí yín lórí ikú dókítà àgbà wa, ẹni tí àwa ń pè ní Ìyá Awò nítorí awò tó fi ń wo ohun tí ojú lásán kò lè rí. Kí àgbà sin ọmọ, àdúrà ẹnikẹ́ni kọ́. Màmá, a kí yín kú ọ̀fọ̀, a kí yín kú àmúmọ́ra.

Ìyá Awò le. A ò ní torí pé ó kú ká wá purọ́. Ẹran ara aláìsàn tó bá wọ yàrá wa, inú ìda la ń fi í sí, ká tó gé e, kó fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ. Bí a bá ti ń gé e, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sín. Ẹni tí imú ń yún, ìta ni kó sáré gbà. Ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn pàápàá sín níbẹ̀ rí, iṣẹ́ gbogbo àárọ̀ sì fò lọ. Ìyá Awò kàn ṣílẹ̀kùn fún un ni. Títí dòní là ń fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín.

Òun ló ní ká máa wá fáírọ́ọ̀sì kan, kòkòrò àrùn tín-ín-tín, nínú gbogbo jẹjẹrẹ ikùn tó bá dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn kan ní àṣedànù ni. Ó ní kò burú, kí wọ́n jẹ́ kóun ṣe é dànù. Nínú bí aláìsàn mẹ́wàá, a máa ń rí ẹnì kan tí fáírọ́ọ̀sì wà nínú jẹjẹrẹ rẹ̀. Bí a bá fi aró sí i, gbogbo sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà á dúdú, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kò ní yí padà. Ohun tó máa ń yà á lẹ́nu jù ni pé ẹ̀dà kan náà ló wà nínú gbogbo wọn: fáírọ́ọ̀sì náà ti wọ inú ẹyọ sẹ́ẹ̀lì kan kí ẹyọ kan ọ̀hún tó di ọ̀pọ̀. Á pè wá ká wá wò ó, a ó sì tò síbẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Nígbà tí ikùn tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú, tí wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ wá fún àyẹ̀wò, a fẹ́ fi pamọ́ fún un. Ta ló tó bẹ́ẹ̀? Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e sábẹ́ awò. Ó dúdú. Nígbà tó gbójú sókè, ohun tó sọ ni pé, "Ẹ wo bí àwọn ọmọ ogun ara mi ṣe yí i ká. Wọ́n ti ń jà fún mi, èmi ò mọ̀." Àwa la sunkún lọ́jọ́ náà. Òun kò sunkún.

Màmá, ẹ̀yin gan-an la fẹ́ bá sọ̀rọ̀ báyìí. Nígbà tí a wá kí yín, àkọ́bí rẹ̀ sọ fún wa pé ẹ bi ọmọ yín léèrè lórí ibùsùn àìsàn pé ibo ni nǹkan yìí gbà wọlé. Ọmọ yín kì í purọ́ nípa iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní inú itọ́ ló máa ń gbà, láti kékeré. Oorun oògùn sì gbé e lọ kó tó sọ ìyókù. Ẹ̀yin wá rántí pé, nígbà tí kò tíì léyín, ẹ máa ń rún oúnjẹ kúnná kí ẹ tó fi sí i lẹ́nu. Láti ọjọ́ náà lẹ ti ń fi ìborùn bo ẹnu, tí ẹ kò sì gba ọmọ-ọmọ rẹ̀ tuntun mọ́ra mọ́. Ẹ ní ẹnu yín ló pa á.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán, Màmá. Àwa tó kọ́ níṣẹ́ la ó bá a parí rẹ̀. Nínú àgbàlagbà mẹ́wàá lórí ilẹ̀ ayé, ó lé ní mẹ́sàn-án tí fáírọ́ọ̀sì yìí ń gbé lára wọn, tó ń sùn jẹ́ẹ́. Nígbà tí a kúrò nílé yín, gbogbo wa na apá, a gba ẹ̀jẹ̀ ara wa, a sì yẹ̀ ẹ́ wò. Láti orí ọ̀gá àgbà dé orí ẹni tó ń gbálẹ̀, kò sí ẹni tí kò ní in. Ìdí tó fi jí nínú ikùn ẹnì kan, tó sì ń sùn lọ nínú ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tán. Ìyá Awò náà kò mọ̀ ọ́n. Ká ní ẹ kò rún oúnjẹ fún un, ibòmíràn ni ì bá ti kó o. Ẹ ò mọwọ́mẹsẹ̀ nínú ikú rẹ̀. Okun tó fi dàgbà, tó fi kàwé, tó fi di ẹni tí a ń wárí fún, ẹnu yín ló ti gbà á.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ní dáwọ́ dúró lọ́wọ́ wa. Ẹnì kan nínú wa yóò sì máa yà sọ́dọ̀ yín lóòrèkóòrè, kó máa wo ara yín, kó sì gbọ́ ohun tí ilé nílò.

Kí Ọlọ́run tí í tuni nínú wọlé tọ̀ yín. Kó nu omijé yín nù, kó sì ká ìborùn náà kúrò lẹ́nu yín. Nígbà tí a wá, a gbọ́ igbe ọmọ tuntun náà nínú yàrá kejì. Kí Ọlọ́run fún yín lágbára láti gbé e, kí ẹ fẹnu kò ó lẹ́rẹ̀kẹ́. Ẹnu tó bọ́ ìyá àgbà rẹ̀ ni.

Àwa òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò,
ọmọ iṣẹ́ ọmọ yín.